Ya Ẹnu Rẹ̀ Wá fún Mi

Ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin oníwèé-ìròyìn tó wà lápá ọ̀tún ló gbá a. Kámẹ́rà mì, ohun tí ì bá jẹ́ ojú olórin sì di ìlà funfun gbọọrọ kan, bí ìgbà tí mílíìkì bá dà sórí tábìlì. Kékeré kò bá a jà. Àwọn onífọ́tò méje ló há mọ́ àyè tóóró tó wà láàárín ìtàgé àti ìlà àga àkọ́kọ́, orin kejì sì ti ń kógbá sílé. Orin mẹ́ta péré ni wọ́n fún wọn láyè láti yà, láìtan iná kámẹ́rà. Lẹ́yìn ìyẹn, kí oníkálukú gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún òsì, ó pa ojú kan dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnu olórin náà.

Kò rí i. Irun funfun ń bẹ níbẹ̀, ọwọ́ ń bẹ lórí gìtá, ojú méjèèjì dì bí ojú ẹni tó ń rántí ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n máìkì dúdú kan dúró síwájú ètè rẹ̀ bí ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ géètì. Kékeré rá gba ọ̀tún, máìkì. Ó rá gba òsì, máìkì. Bí ó bá sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, fèrèsé gíga tí oòrùn ọ̀sán ń gbà wọlé á bọ́ sẹ́yìn olórin, ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn bí ìdí ìkòkò. Àwọn onífọ́tò yòókù kò bìkítà, nítorí ojú àti gìtá ni ọ̀gá wọn rán wọn. Ẹnu ni wọ́n rán Kékeré.

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ó ti tọ́ ọmọ méjì dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé. Ó ti sin ọkọ. Síbẹ̀ Kékeré náà ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn, ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì gba òmíràn látìgbà náà. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kóòtù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá ya fọ́tò pélébé fún ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdánimọ̀. Ohun méjì ni wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́ fún: kí etí àwọn hàn kedere, kí ó sì bá àwọn dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kù. Ti etí ni ìjọba fẹ́. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn fúnra wọn ni. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi ń sọ fún èèyàn pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n wo iwájú.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni ọ̀gá gbọ̀ngàn pè é lórí fóònù. Oníbàárà rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ló ti máa ń ya fọ́tò káàdì. Ó ní onífọ́tò àwọn já bọ́ lórí àkàbà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti kán. Ṣé Kékeré lè wá bá àwọn ya àwọn àwòrán tí wọ́n máa fi kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn? Agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ètò náà. Kékeré bi í pé ta ló fẹ́ kọrin. Ọkùnrin náà dárúkọ ẹni náà bí ẹni tó ń dárúkọ ojú pópó. Kékeré wá ibì kan jókòó, orí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí ni ó sì bára rẹ̀.

Ẹyẹ Òwúrọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin olórin náà, nítorí orin rẹ̀ ni rédíò máa ń gbé kí ìròyìn agogo mẹ́fà òwúrọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń kọ orin rẹ̀ sílẹ̀, òun ló ń ta gìtá rẹ̀, kò ní elégbè, kò ní oníjó. Láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, kò tíì dúró níwájú èrò. Nínú ilé tí Kékeré ti dàgbà, orí fèrèsé ni rédíò máa ń wà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ọdún méje jù ú lọ á sì gbé orí rẹ̀ lé itan láàárọ̀, á máa di irun fún un kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí Ẹyẹ Òwúrọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà á bá a kọ ọ́, ìyarun á wà láàárín eyín rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dúró. Orin yẹn kì í wọ Kékeré létí bí orin mìíràn ṣe máa ń wọ èèyàn létí. Láti itan tó gbé orí lé ló ti máa ń gùnkè wá bá a.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ibà kan dé sí ẹ̀gbọ́n náà. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó mú etí rẹ̀ méjèèjì dání, bí àlejò tó jí ṣíbí onílé lọ. Kékeré kó ẹrù wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kò sì padà mọ́. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ń gbọ́ ẹ̀rọ náà dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ètè èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ bá kúrú, á gbá a mú lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Bí ó bá gùn, síléètì ń bẹ lára ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí onítọ̀hún kọ ọ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà délé láti ilé ìwòsàn ni Kékeré gbé rédíò kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi aṣọ wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí kò bá jẹ́ òǹrorò kì í fọ́ egungun jẹ níwájú ẹni tí eyín rẹ̀ ká. Látọjọ́ náà, orin kò dún nínú ilé mọ́, òun náà kò sì kọ ọ́ lẹ́nu.

Nítorí náà, ẹ̀rù bà á láti sọ ti ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn yìí. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú gan-an ló tó kọ ọ́ sórí síléètì, lẹ́tà wínníwínní, bí ọmọ tó ń jẹ́wọ́ pé òun fọ́ àwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á, ó tún un kà. Kékeré wá fi ọwọ́ bi í pé ṣé kí àwọn jọ lọ.

"Èmi?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè, nítorí kò gbọ́ ọ mọ́ tó fi máa mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí. "Kí n lọ jókòó síbi tí gbogbo èèyàn á ti máa mi orí, kí èmi máa wo orí wọn?"

Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kékeré palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́, ó ka bátìrì, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ojú kámẹ́rà méjèèjì. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tún sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

"Ya ẹnu rẹ̀ wá fún mi. Ojú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ ni kí o yà wá, nígbà tó bá ń kọ orin ilẹ̀kùn."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn, máìkì sì ń dí i lọ́wọ́. Orin kẹta parí, àtẹ́wọ́ sọ. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú nawọ́ sí àwọn onífọ́tò pé ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò jáde, wọ́n ń wo ohun tí wọ́n rí kó lẹ́yìn kámẹ́rà wọn. Ọ̀gá gbọ̀ngàn fi orí pe Kékeré sára ògiri apá òsì. Ó sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó lè dúró ní tirẹ̀, nítorí ti gbọ̀ngàn ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má kọjá ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀, kí bàtà rẹ̀ má sì dún. Kékeré bọ́ bàtà náà, ó tò ó sí ẹsẹ̀ ògiri. Ọkùnrin tó gbá a lápá lẹ́ẹ̀kan bojú wẹ̀yìn, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú òjò ṣe máa ń wo ẹni tó wà nínú ilé.

Ó ṣiṣẹ́. Ó ya ìka tó ń tẹ okùn gìtá. Ó ya ẹ̀yìn àwọn arúgbó mẹ́ta tí wọ́n fi èjìká ti ara wọn. Ó ya obìnrin kan tó fi ìwé ètò bo ojú, tí ó ń sunkún lábẹ́ rẹ̀, ó sì pa àwòrán náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí ojú tì í. Àwọn tó kún gbọ̀ngàn tó ẹgbẹ̀ta, irun tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló ti funfun. Ohùn Ẹyẹ Òwúrọ̀ ti fẹ́lẹ́ ju ti ìgbà rédíò lọ, ó ti fẹ́lẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò já. Kékeré rò bẹ́ẹ̀, ó sì rí i lójijì pé òótọ́ kọ́. Òun kò gbọ́ ohùn náà rárá. Láti agogo mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ àti máìkì nìkan ló ń bá yí. Ojú ti jẹ oúnjẹ etí mọ́ tirẹ̀.

Orin ilẹ̀kùn ni olórin náà fi pamọ́ dìgbà ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé yóò ṣe. Ó ta okùn àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. Kékeré gbé kámẹ́rà sójú, ó fi ìka lé bọ́tìnnì.

*Mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì,*
*bóyá wàá gba ibẹ̀ wọlé…*

Ọ̀rọ̀ tó kàn kò wá. Okùn gìtá ń dún, ó dún yíká, ó tún dún yíká, olórin náà sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó kúrò lẹ́yìn máìkì. Ẹnu rẹ̀ sì nìyí, gbogbo rẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ tó tutù, láìsí ohunkóhun níwájú rẹ̀.

Nígbà náà ni gbọ̀ngàn gba orin náà lẹ́nu rẹ̀. Wọn kò pariwo. Ẹgbẹ̀ta ènìyàn kọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ti ń sùn:

*Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, afẹ́fẹ́ ló ń jáde,*
*ìwọ ni mò ń kí káàbọ̀.*

Kékeré kò tẹ bọ́tìnnì náà. Etí rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà bí etí ẹni tó yọ orí jáde láti inú omi, ohun tí ó sì gbọ́ ni pé orin náà kò pé. Nǹkan kan wà tí kò sí níbẹ̀. Ilé wọn kò sọ pé afẹ́fẹ́ rí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, rédíò tó ń han gooro ló ti gbọ́ orin yẹn, ohun tó sì gbọ́ ni "àfẹ́sọ́nà": àfẹ́sọ́nà ló ń wọlé, àfẹ́sọ́nà ló ń jáde. Ìyá wọn kígbe láti ilé ìdáná pé irú àfẹ́sọ́nà wo ni ìyẹn, tó ń wọlé tó ń jáde bí ẹran tí kò ní olówó. Nígbà tí wọ́n dàgbà tí wọ́n mọ òótọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀, kò yí i padà. Ó ní bí òun ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

Kékeré rí i pé òun ń fi etí wá ohùn kan láàárín ẹgbẹ̀ta ohùn, ohùn kan ṣoṣo tó máa ṣi ọ̀rọ̀ náà pè. Ó ń retí rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, ó sì ń retí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, kámẹ́rà bá ọwọ́ wálẹ̀. Nígbà tó máa fi gbé e sókè padà, olórin náà ti tẹrí ba, irun funfun nìkan ló kù láti yà.

Lẹ́yìn tí èrò ti tú, ọ̀gá gbọ̀ngàn mú un gba ẹ̀yìn ìtàgé lọ sí yàrá kékeré kan. Ó ní kí ó ya àwòrán kan tí olórin máa jókòó fún, èyí tí wọ́n máa fi sí àárín ògiri, kó má sì pẹ́, nítorí ó ti rẹ ìyá náà. Ẹyẹ Òwúrọ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ife omi gbígbóná wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lábẹ́ àga. Ó wo ẹsẹ̀ Kékeré.

"Ìwọ náà bọ́ tìrẹ."

Kékeré wolẹ̀. Ó ti gbàgbé bàtà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri. "Wọ́n ní kó má dún ni, mà."

"Tèmi ń fún mi lẹ́sẹ̀ ni."

Ó ya àwòrán mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dára, ìyá náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Iṣẹ́ ti parí, ó yẹ kó dúpẹ́ kó jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ. Ẹnu rẹ̀ ti ń sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó fọwọ́ sí i: ó ní òun ní ẹ̀gbọ́n kan, ó sọ ti irun dídì, ó sọ ti ibà, ó sọ ti síléètì, ó sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán òun àti bí òun ṣe kùnà rẹ̀ nígbà tí ẹnu náà wà gbayawu níwájú òun. Olórin náà kò dá a dúró. Ó ń mu omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ó ṣì ń kọrin?" ló bi í nígbà tó parí.

"Kò gbọ́ràn mọ́, mà."

"Ọ̀rọ̀ etí kọ́ ni mo bi ọ́."

Ọdún mẹ́ta ni Kékeré àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jọ ń gbé inú ilé kan, tí wọ́n jọ ń jẹun lórí tábìlì kan. "Mi ò mọ̀, mà."

Ìyá náà mi orí. Ó gbé ife sílẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ètè. Ó ní ohùn òun ti tán fún tòní, ṣùgbọ́n ẹnu kò ní iṣẹ́ mìíràn. Òun á sọ gbólóhùn náà láìsí ohùn, kí Kékeré máa yà á bó ṣe ń jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró.

"Báwo tiẹ̀ ni ibẹ̀ yẹn ṣe lọ? O rí i pé ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Kékeré kò ronú. "Àfẹ́sọ́nà ló ń wọlé, àfẹ́sọ́nà ló ń jáde."

Ó ṣe Kékeré bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ gáfárà, ó ní afẹ́fẹ́ ni, òun mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n òun ló ṣì í gbọ́ lórí rédíò nígbà èwe tí kò sì gbà láti tún un ṣe. Olórin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá àga mú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì wo fèrèsé.

"Mo fi bí ọdún kan wá ọ̀rọ̀ tí màá fi síbẹ̀," ó ní. "Afẹ́fẹ́ ni mo padà fi sí i, nítorí ojú ń tì mí láti sọ ẹni tí mò ń retí. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé òun ló gbọ́ ọ dáadáa."

Ó gbé ojú rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ìró kan lẹ́yìn òmíràn, láìsí ohùn. Kékeré yà á. Ìgbà méjìlá ló tẹ bọ́tìnnì.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé ilé. Ó tẹ iná yàrá lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà ta gìrì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó nu ọwọ́, ó fa àga sún mọ́ tábìlì tí kọ̀ǹpútà wà. Kò béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí.

Ó sáré kọjá àwọn àwòrán tó dára. Níbi gìtá, kò dúró. Níbi ojú, ó ní, "Ó ti darúgbó," bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ó dúró díẹ̀ lórí àwọn arúgbó mẹ́ta náà. Lẹ́yìn náà ló dé ibi ẹnu, ó sì fa kọ̀ǹpútà mọ́ra títí èémí rẹ̀ fi ń kan ojú rẹ̀. Àwòrán méjìlá ni. Ó wo àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ètè tirẹ̀ náà ń tẹ̀ lé wọn. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún wá síwájú. Kékeré jókòó tì í, ó ń wo ìka rẹ̀ tó ń tẹ bọ́tìnnì, ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà tí kò fi mọ ìrora mọ́.

"Afẹ́fẹ́ kọ́ ló sọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó na ìka sí àwòrán kan.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni eyín rẹ̀ kan ètè níbí. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni ì bá kàn án. Ẹnu wá ká róbótó. Lẹ́yìn náà ó là." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ le, bí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ta ló sọ fún un?"

Kékeré fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. Ó mú síléètì lára ìṣó, ó kọ ohun tí olórin náà sọ, gbogbo rẹ̀, láìdín láìfi kún, títí dé ibi tí ó ti ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ló gbọ́ ọ dáadáa. Síléètì náà kún dé etí. Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, ìbéèrè tí olórin náà bi í, èyí tí kò dáhùn. Kò sí àyè fún un mọ́, kò sì dá a lójú pé òun ì bá kọ ọ́ bí àyè tilẹ̀ wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á. Kékeré ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, tàbí fún ẹ̀rín, kò sì sí èyí tó dé nínú méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n náà fi síléètì náà sórí itan, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, pẹ̀lẹ́, kí ẹfun má baà parẹ́.

"Ṣòkòtò oníbàárà yẹn kò tíì parí," ló wí níkẹyìn. "Àárọ̀ ọ̀la ló ń bọ̀."

Ó dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Kékeré lọ sí ilé ìdáná láti fọ àwo. Ó rọ omi, ó fi ọṣẹ sí i. Láti yàrá kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ ń sáré, ó ń dúró, ó tún ń sáré, lábẹ́ rẹ̀ ni ohùn tí ó mọ̀ dáadáa náà tún ti gbéra, ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kì í lọ, tí kì í bọ̀. Láti ọdún mẹ́ta ló ti ń gbọ́ ọ, nílé ìwẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, nídìí iṣẹ́. Ìkùnsínú ni ó kà á sí. Ó gbà pé ẹni tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tọ̀ọ́ láti kùn sí Ẹlẹ́dàá rẹ̀, pé kò sì yẹ kí ẹlòmíràn fetí kọ́ ọ. Nítorí náà, bó bá ti bẹ̀rẹ̀, Kékeré á rìn jìnnà sí ibẹ̀. Á lọ ká aṣọ lórí okùn, á jáde sí ojúde, á wá nǹkan ṣe títí yóò fi parí.

Lónìí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi, kò sì rìn lọ. Ohùn náà gùnkè díẹ̀ bí orin ilẹ̀kùn ṣe máa ń gùnkè, ó yà kúrò lójú ọ̀nà níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, ó dúró pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ tá ògiri kiri nínú yàrá tó mọ̀. Ó já, nítorí okùn ṣẹ́ lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó já sí gan-an.

Kékeré gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú omi, jẹ́jẹ́, kó má dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló máa gbọ́ ọ bó bá dún. Ìkùnsínú kọ́. Kò sì fìgbà kankan jẹ́ ìkùnsínú.